Kí Ni Orúkọ Rẹ̀ Gan-an?

 

Bí ọmọ bá gba ìsinmi, sinimá kátúùnù ni olùbárìn rẹ̀. Ọ̀kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá wọn wò ni Robinson Crusoe, tí àwọn ará Belgium gbé jáde ní ọdún 2016. Inú ìwé Daniel Defoe ti ọdún 1719 ni wọ́n ti mú ìtàn náà: ọkùnrin kan tí ọkọ̀ rẹ̀ rì, tí ó sì gbé erékùṣù kan fún ọdún 28 ó lé. Ṣùgbọ́n wọ́n tún un dá. Àwọn ẹranko erékùṣù náà ni ó kún inú rẹ̀, odídẹ kan ni ó sì ń sọ ìtàn. Crusoe sọ odídẹ náà ní Tuesday, èyíinì ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn ọmọ yóò rẹ́rìn-ín.

Nínú ìwé, ènìyàn ni ó sọ ní irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ó gba ọ̀dọ́mọkùnrin kan lọ́wọ́ ikú ní ọjọ́ Ẹtì, ó sì pè é ní Friday. Kò béèrè orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ kí ó máa pe òun ní Ọ̀gá.

Ọmọ tí ó ń gbé ní Boundary kò jìnnà sí èbúté Àpápá. Yóò fẹ́ mọ ibi tí ọkọ̀ Crusoe ń lọ kí ó tó rì. Ẹ má fi pamọ́ fún un. Láti Brazil ni ó ti ń bọ̀ wá sí etíkun Guinea, ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa yìí, láti wá ra ẹrú. Bẹ́ẹ̀ ni a ti mú òun fúnra rẹ̀ lẹ́rú rí! Sinimá kò sọ èyí. Ìyá ni yóò sọ ọ́, ní ọ̀rọ̀ tí ọjọ́ orí ọmọ lè gbà.

Kí àwa náà sì yẹ ilé wa wò. Ní ààlà Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ yìí, Yorùbá, Ìgbò, Ijaw, Urhobo àti Haúsá jọ ń gbé ojúlé kan náà ni. Ǹjẹ́ ọmọ yín mọ orúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀, àbí “ọmọ Ìgbò yẹn” ni ó ń pè é? Ọmọ ọ̀dọ̀ tí ó ń bá yín fọ abọ́ ńkọ́? Àwọn ìyàwó ilé kan a máa sọ ọ́ ní Sunday tàbí Blessing, nítorí pé orúkọ rẹ̀ le lẹ́nu wọn.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọmọ náà ní ilé, ó sì ní ìyá tí ó fi oyin àti iyọ̀ tàbí àṣà ìlú tirẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ béèrè rẹ̀ lónìí, ẹ kọ́ bí a ti ń pè é, kí ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọmọ yín gbọ́ ọ lẹ́nu yín.