OJÚ EWÉ ÌDÍLÉ: Ohun-Èlò Ilé Ìdáná fún Ìyàwó Titun

Nígbà tí oṣù Disẹ́ḿbà bá súnmọ́ tòsí, tí àwọn ará ilé bá ń ti Abíjáàn bọ̀ wá, ìgbéyàwó a máa pọ̀ ní agbègbè wa. Nítorí náà ó tọ́ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ohun tí ìyàwó yóò kọ́kọ́ rà sí ilé ìdáná rẹ̀.

Àwọn mìíràn a máa to àwo aláràbarà léra wọn títí dé àjà, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ kan tí ó mú kò sí nílé. A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ọ̀ṣọ́. Ohun tí a ń wí ni pé kí owó kékeré kọ́kọ́ ra ohun tí ọwọ́ yóò máa mú lójoojúmọ́. Ohun márùn-ún tó láti bẹ̀rẹ̀. Ọlọ pàápàá lè dúró díẹ̀, nítorí ẹ̀rọ ìlọta wà lọ́jà.

Èkíní ni odó àti ọmọ rẹ̀. Ní ilẹ̀ Ogìyán, níbi tí iyán ti jẹ́ oúnjẹ iyì, ta ni yóò fi èyí sílẹ̀? Ẹ wo inú rẹ̀ lójú oòrùn. Bí ó bá ti là, ẹ má ṣe rà á, nítorí iṣu yóò máa há síbẹ̀, yóò sì kan. Kí ọmọ odó má sì wúwo ju agbára ẹni tí yóò gún un lọ.

Èkejì ni ọ̀bẹ tí irin rẹ̀ wọ inú èèkù ṣinṣin. Ọ̀bẹ tí kò mú ni í gé ni lọ́wọ́, nítorí agbára ni a fi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kẹta ni ọmọ orógùn fún àmàlà. Ẹ̀kẹrin ni asẹ́ fún ògì.

Ẹ̀karùn-ún, èyí tí a fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́, ni ìkòkò. Àwọn kan ń yọ́ àwókù ẹ̀rọ ọkọ̀ àti agolo, wọ́n sì ń dà á di ìkòkò. Ó nípọn, kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ta ni ó mọ gbogbo ohun tí ó wà nínú àwókù náà? Òjé lè bá a pọ̀. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí irú ohun-ìdáná bẹ́ẹ̀ 42 láti orílẹ̀-èdè 10, ilẹ̀ Ivory Coast tí ọ̀pọ̀ ènìyàn wa ń gbé sì wà lára wọn. Nígbà tí wọ́n se omi kíkan nínú wọn, bí ìdámẹ́ta ni ó tú òjé tí ó lè ṣe ìpalára.

Ẹnu kì í mọ òjé nínú ọbẹ̀, ọpọlọ ọmọdé ni ó sì ń bà jẹ́. Ní Zamfara, ní ọdún 2010, ó ju 400 ọmọdé lọ tí òjé pa. Òkúta wúrà tí a ń lọ̀ ni ó ti wá níbẹ̀, kì í ṣe ìkòkò. Ṣùgbọ́n òjé kan náà ni.

Nítorí náà, ẹ má ṣe se ọbẹ̀ tòmátì tàbí ògì kíkan nínú ìkòkò dídà, ẹ má sì jẹ́ kí oúnjẹ sùn nínú rẹ̀. Ẹ ra ìkòkò irin tí kì í dípẹtà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo. Ìkòkò amọ̀ Ìpetumodù pẹ̀lú dára fún ọbẹ̀. Ẹ fi ìka kàn án kí ẹ tó sanwó: bí ó bá dún bí agogo, ó yè, bí ohùn rẹ̀ bá há, ó ti là.

Ẹ̀yin òǹkàwé Bíbélì rántí bí àwọn ọmọ wòlíì ti ké pe Èlíṣà ní Gílígálì nítorí ìkòkò ọbẹ̀ wọn. Ní ti wọn, inú ọbẹ̀ ni ibi náà wà. Ní ti wa, ó lè wà lára ìkòkò fúnra rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ìyàwó, bí owó kò bá tó fún àwo ọ̀ṣọ́ àti ìkòkò rere, ẹ ra ìkòkò náà. Àwọn ọmọ-ọmọ yín ni yóò jẹun nínú rẹ̀.