“Mayday” Kì Í Ṣe Ọjọ́ Òṣìṣẹ́

Mo ti ṣe é rí, n kò lè fi ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́. Ọdún kejì tí mo ń ka ìròyìn lórí rédíò ni. Ó ku bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí a wọlé ni wọ́n gbé ìwé kan wá lédè Gẹ̀ẹ́sì, pé awakọ̀ bàálù kan lókè òkun ké “Mayday” kí bàálù rẹ̀ tó já. Mo sáré túmọ̀ rẹ̀, mo sì fi ohùn tó dán kà á síta: awakọ̀ náà ké “Ọjọ́ Òṣìṣẹ́! Ọjọ́ Òṣìṣẹ́! Ọjọ́ Òṣìṣẹ́!” Oṣù kọkànlá la sì wà. Bí mo ṣe jáde, ọ̀gá mi bi mí pé ìsinmi wo ni ọkùnrin náà ń tọrọ lójú òfurufú.

Oṣù karùn-ún kò bá ọ̀rọ̀ yìí tan rárá. Croydon, ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ló ti wá. Ní nǹkan bí ọdún 1923, wọ́n ní kí Frederick Stanley Mockford, ọ̀gá nídìí rédíò ní pápákọ̀ ibẹ̀, wá ọ̀rọ̀ kan tí awakọ̀ tí ewu dé bá lè ké, tí yóò yé ẹni tó bá gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. SOS ti wà nílẹ̀, àmọ́ ti àwọn tó ń fìka tẹ wáyà nìyẹn. Bí ènìyàn bá fẹnu pe S lórí rédíò ayé ìgbà náà, tó ń hó yaya, ta ló máa gbọ́ ọ já? Ọ̀pọ̀ bàálù Croydon, Le Bourget lẹ́bàá Paris ni wọ́n ń ná. Ni Mockford bá mú “m’aider” àwọn Faransé, “ràn mí lọ́wọ́,” ó fi ahọ́n Gẹ̀ẹ́sì pè é. Àpérò àgbáyé lórí rédíò tó wáyé ní Washington ní 1927 fọwọ́ sí i.

Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n bi, “Ẹ gbà mí o!” ni. Ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó kì í ké e lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́n ń pe Mayday, kí ariwo má baà gbé e mì. Ìdí nìyẹn tí inú fi ń bí mi tí wọ́n bá kọ ọ́ pé olóṣèlú kan “ké Mayday” nítorí tíkẹ́ẹ̀tì.

Ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ kó ké e, tí kò ké e, ló ń dùn mí jù. Lálẹ́ ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1990, Boeing 707 ilé iṣẹ́ Avianca ń bọ̀ ní New York láti Kòlòḿbíà. Ojú ọjọ́ burú, wọ́n ní kó máa yí po lókè, ó di ìṣẹ́jú 77 lápapọ̀. Igbákejì awakọ̀, tó ń bá àwọn ará ilẹ̀ sọ̀rọ̀, ní kí wọ́n jọ̀wọ́ fi tàwọn ṣíwájú. Wọ́n gbìyànjú láti balẹ̀, kò bọ́ sí i, wọ́n ní kí wọ́n yí padà wá. Ọ̀gá awakọ̀ ń sọ fún igbákejì rẹ̀ pé kó sọ fún àwọn ará ilẹ̀ pé pàjáwìrì ni. Igbákejì kàn ní epo ń tán lọ. Létí ẹni tó ń darí bàálù láti ilẹ̀, bàálù wo ni epo rẹ̀ kì í tán lọ? Wọ́n gbìyànjú láti balẹ̀, kò bọ́ sí i, wọ́n ní kí wọ́n yí padà wá. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í kú níkọ̀ọ̀kan. Cove Neck ló já sí. Nínú ènìyàn 158, 73 kú. Bàálù náà kò gbiná. Epo wo ni ì bá gbiná?

Mo mọ ohùn igbákejì yẹn. Àbúrò bàbá mi ní irú rẹ̀. Mo gbé e lọ sí ọsibítù kan lọ́jọ́ tí àyà ń dùn ún, òógùn bò ó, ó sì ń kí nọ́ọ̀sì: “Ẹ kú iṣẹ́ o. Ó kàn ń ṣe mí bákan ṣá ni.” Nọ́ọ̀sì fún un ní káàdì, nọ́ńbà 31. Èmi tó dúró lẹ́yìn ni mo figbe ta, “Ẹ gbà wá o! Ẹ gbà wá o!” Kí n tó pe ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n ti gbé bẹ́ẹ̀dì dé.

Títí di òní, àbúrò bàbá mi ṣì ń sọ pé mo dójú ti òun lójú gbogbo ènìyàn.