Iye ọmọdé tó ń kú ní Gánà: Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ ọ́n?

Ẹ̀yin òbí, ìwádìí ìlera tí àjọ Ghana Statistical Service ní Accra ṣe lọ́dún 2022 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bí láàyè, nǹkan bíi 40 ló ń kú kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún 5. Lọ́dún 2014, 60 ni. Ìròyìn ayọ̀ ni. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ta ló wá ka èyí?

Kò sẹ́ni tó kà wọ́n tán. Ọ̀pọ̀ ikú ọmọdé ni kì í dé ìwé ìjọba, pàápàá èyí tó bá ṣẹlẹ̀ nílé. Wọ́n ṣa àwọn ìdílé káàkiri ẹkùn 16 tó wà ní Gánà bí ẹni ṣẹ́ kèké, wọ́n sì bi obìnrin 15,014 léèrè: Ọmọ mélòó lẹ bí? Ìgbà wo? Mélòó ló wà láàyè? Bí ẹ bá ro ọbẹ̀ pọ̀ dáadáa, ṣíbí kan tó láti mọ̀ bóyá iyọ̀ rẹ̀ tó.

Irú ìṣirò yìí ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ onípele gíga ń kọ́ ní Regional Institute for Population Studies ní Legon, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1972. Ẹ rántí pé ìfojúbù ni. Bí ẹ bá gbọ́ pé 38 ni ti ẹkùn kan, 42 ni ti èkejì, ẹ má sáré sọ pé ọ̀kan sàn ju èkejì lọ. Bí wọ́n bá bi àwọn obìnrin mìíràn léèrè, ó lè yí padà.

Àṣìṣe tó burú jù kì í ṣe ti ìṣirò. Ìdákẹ́ ni. Ìyá tó sin ọmọ ọjọ́ méjì lè má fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́; kò sẹ́ni tó lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí irú wọn bá pọ̀, iye náà á kéré ju bó ṣe rí lọ, agbẹ̀bí àti oògùn kò sì ní dé ibi tí wọ́n ti nílò wọn. Ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà náà: 110 ni irú ìwádìí yìí rí níbẹ̀ ní 2023 sí 2024.

Nítorí náà, ẹ tọ́jú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, ẹ kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀. Bí olùwádìí bá kan ilẹ̀kùn, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀. Ẹ lè kọ̀ láti dáhùn ìbéèrè tó bá le jù fún yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá lè sọ ọ́, ẹ ka gbogbo wọn. Ọmọ tó ké lẹ́ẹ̀kan péré kó tó kú, ọmọ ni.