Kí Ìyàwó Kejì Tó Wọlé: Ètò Méjì Lórí Kọ̀ǹpútà Kan

  Ní oṣù tí ó kọjá, bí a ṣe ń tọ́jú gaàrí àti ẹ̀wà kí kòkòrò má baà jẹ wọ́n ni a jọ sọ. Ọ̀rọ̀ ti oṣù yìí jọ ọ́ ju bí ẹ ti lè rò lọ, nítorí pé ọ̀rọ̀ àká ni òun náà. Kìkì pé kọ̀ǹpútà ni àká tiwa lọ́tẹ̀ yìí.

Ìyá kan ni ó kọ̀wé sí mi láti Òṣogbo. Ó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo ni ó wà nínú ilé àwọn. Òun fi ń ṣírò owó ọjà òun, àwọn ọmọ sì fi ń ṣe iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Ẹ̀rọ náà ti ń kìlọ̀ fún wọn pé àsìkò Windows 10 ti kọjá, bẹ́ẹ̀ ni kò sì gba Windows 11. Bàbá àwọn ọmọ ní kí wọ́n lọ ra òmíràn, ṣùgbọ́n owó ilé-ẹ̀kọ́ wà nílẹ̀ tí wọn kò tíì san. Ọmọkùnrin wọn àgbà ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi Linux sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ Windows, kí méjèèjì jọ máa gbé inú ẹ̀rọ kan náà. Ìyá yìí wá bi mí léèrè pé: “Ǹjẹ́ obìnrin méjì lè jọ lo ààrò kan kí ọbẹ̀ má jóná?”

Ìyá mi, ó ṣeé ṣe, ọbẹ̀ kò sì ní í jóná. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ ṣe kí ìyàwó kejì tó gbé àpótí rẹ̀ wọlé. Ohun náà gan-an ni mo fẹ́ sọ lónìí, nítorí pé àìṣe é ti pa mí lẹ́kún rí.

Kí ni ètò adarí?

Gbogbo kọ̀ǹpútà ni ó ní ètò kan tí ń darí rẹ̀. Ètò yìí ni ó ń jí ní kété tí a bá tan ẹ̀rọ. Òun ni ó ń pín iṣẹ́, òun ni ó mọ ibi tí a kó nǹkan sí, òun ni ó sì ń gba ọ̀rọ̀ láti ọwọ́ wa fún ẹ̀rọ. Bí ìyáálé ti rí nínú agbo ilé ni ó rí. Windows, tí ilé-iṣẹ́ Microsoft ti Amẹ́ríkà ṣe, ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa mọ̀. Windows 10 jáde ní ọdún 2015, ilé-iṣẹ́ náà sì dá àtúnṣe ọ̀fẹ́ rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Wọ́n kéde nígbà náà pé àwọn yóò fi ọdún kan kún un fún ẹni tí ó bá forúkọ sílẹ̀, títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026.

Èyí kò túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ náà ti kú. Ó ń ṣiṣẹ́ síbẹ̀, ṣùgbọ́n bí olè bá rí ihò tuntun lára ògiri rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò dí i mọ́. Windows 11, tí ó jáde ní ọdún 2021, sì ń béèrè ohun tí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ kò ní: mẹ́mórì gígábáìtì 4, àyè gígábáìtì 64, àti ohun èlò ààbò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Ohun èlò kékeré yìí ni kì í sí nínú púpọ̀ nínú wọn.

Ìtàn Linux yàtọ̀. Ní ọdún 1991, Linus Torvalds, ẹni tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọkàn ètò náà, ó sì gbé e síta kí ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ iṣẹ́ lè bá a tún un ṣe. Láti ara rẹ̀ ni oríṣiríṣi ti jáde, bí ẹ̀wà kan náà ti ń di àkàrà, tí ó ń di mọ́ínmọ́ín, tí ó sì ń di gbẹ̀gìrì. Ubuntu jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ni ó dá a sílẹ̀, ó sì kọ́kọ́ jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2004. Èdè àwọn ènìyàn ìhà gúúsù Áfíríkà ni orúkọ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì sún mọ́ ohun tí àwa ń pè ní ìwà ọmọlúàbí. Linux Mint ni òmíràn, ó sì rọrùn fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ Windows. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí Windows 11 kọ̀.

Èé ṣe tí a kò fi lé Windows jáde?

Ìdí ni pé àwọn ètò kan wà tí kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn àfi ti Windows: bí ètò ìṣírò owó tí a ti fi ọdún púpọ̀ lò, ètò tí ilé-ẹ̀kọ́ kan fún àwọn ọmọ, tàbí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí ó ti gbó. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí a pín iṣẹ́ fún wọn. Ẹ jẹ́ kí Linux máa ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ó bá kan íntánẹ́ẹ̀tì, pàápàá ọ̀rọ̀ báńkì, nítorí pé àtúnṣe rẹ̀ kò dáwọ́ dúró. Ẹ fi Windows 10 sílẹ̀ fún iṣẹ́ tí òun nìkan lè ṣe, láìso ó mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì.

Ẹ wo dísíìkì tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà bí àká. Bí a bá mọ ògiri sí àárín rẹ̀, Windows yóò ní yàrá tirẹ̀, Linux yóò sì ní tirẹ̀. Wọn kì í dáná pọ̀, ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń jí lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tí a bá tan ẹ̀rọ, adènà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ GRUB yóò to orúkọ méjèèjì sílẹ̀, yóò sì dúró kí a yan ẹni tí a fẹ́ rí. Linux mọ ọ̀nà yàrá Windows, ó lè wọ ibẹ̀ lọ mú àwòrán tàbí ìwé. Ṣùgbọ́n Windows kì í dá yàrá Linux mọ̀ bí a kò bá fi ètò mìíràn ràn án lọ́wọ́. Nítorí náà, ohun tí méjèèjì yóò bá jọ lò, ọ̀dọ̀ Windows ni kí ẹ fi í sí.

Ohun tí ojú mi rí

Kí màmá mi tó di olóògbé, mo gba ohùn wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí a ṣe ń ṣe irú ni wọ́n ń ṣàlàyé, láti orí sísè èso irúgbá títí dé bíbò ó mọ́lẹ̀. Mo fẹ́ fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, nítorí pé ohun tí ọwọ́ àgbà mọ̀ kì í sábà sí nínú ìwé. Inú kọ̀ǹpútà mi ni mo kó ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, lẹ́yìn tí màmá ti lọ, mo ní kí n fi Linux sí kọ̀ǹpútà náà. Mo ti rí i tí ẹnì kan ṣe é rí, mo sì rò pé mo ti mọ̀ ọ́n. Epo ẹ̀rọ amúnáwá ń tán lọ, mo sì ń kánjú. Ẹ̀rọ bi mí léèrè ọ̀nà tí mo fẹ́. Ìlà kan ní kí a fi Linux sí ẹ̀gbẹ́ Windows, ìlà kejì ní kí a pa gbogbo ohun tí ó wà lórí dísíìkì rẹ́. Mo tẹ èyí tí kò yẹ kí n tẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rọ fi máa jí padà, ilé ti mọ́ tónítóní. Kò sí Windows, kò sí ìwé iṣẹ́ mi, kò sì sí ohùn màmá mi.

Èmi tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní yunifásítì pé kí ìyá ilé má ṣe kó gbogbo oúnjẹ ilé sínú àpò kan! N kò lè bínú sí ẹ̀rọ. Ó béèrè, mo sì dáhùn. Ọ̀kan péré nínú mẹ́rin ni mo rí padà, nítorí pé mo ti fi í ránṣẹ́ sí àbúrò mi obìnrin, kò sì tíì pa á rẹ́ lórí fóònù rẹ̀. Mẹ́ta yòókù lọ pátápátá.

Bí ó ṣe yẹ kí a ṣe é

Èkíní: Ẹ ṣe àdàkọ gbogbo ohun tí ẹ kò lè rí rà lọ́jà, àwòrán, ohùn, ìwé ìṣírò àti ìwé ẹ̀rí. Ẹ fi àdàkọ kan sórí dísíìkì tí ó dá dúró, kí ẹ sì fi òmíràn sí ibòmíràn, ìbáà ṣe ilé ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ wá ṣí díẹ̀ nínú wọn wò lórí ẹ̀rọ mìíràn kí ó lè dá yín lójú. Bí èyí kò bá tíì parí, ẹ má ṣe tẹ̀síwájú.

Èkejì: Lórí ẹ̀rọ mìíràn, Windows a máa fi ohun tí wọ́n ń pè ní BitLocker ti àká pa. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 48, ẹ̀rọ sì lè béèrè rẹ̀ lójijì bí a bá fọwọ́ kan ẹnu-ọ̀nà rẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà náà jáde kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fi ìwé náà pamọ́ síbi tí ẹ ń fi ìwé ilẹ̀ yín sí. Lẹ́yìn náà, ẹ pa BitLocker láti inú Windows, kí ẹ sì dúró kí ó parí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta: Láti inú Windows fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti dín yàrá rẹ̀ kù, níbi tí wọ́n kọ Disk Management sí. Ubuntu ń béèrè gígábáìtì 25. Linux Mint lè gbé inú 20, ṣùgbọ́n 100 ni àwọn tí ó ṣe é dámọ̀ràn. Ẹ má ṣe gba gbogbo àyè mọ́ ìyáálé lọ́wọ́, nítorí pé òun náà gbọ́dọ̀ rí ibi mí. Ẹ tún pa ohun tí wọ́n ń pè ní Fast Startup, èyí tí kì í jẹ́ kí Windows sùn tán, kí Linux lè rí àyè kọ nǹkan sí yàrá náà nígbà tí ó bá yá.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ wá fíláàṣì gígábáìtì 8 tí kò ní ohun tí ẹ nílò nínú, nítorí pé ohun tí ó wà nínú rẹ̀ yóò parẹ́. Láti orí fíláàṣì yìí ni a ti lè tọ́ Linux wò bí ẹni tọ́ ọbẹ̀ wò, láìtíì fọwọ́ kan dísíìkì rárá. Ẹ wò ó bóyá ohùn ń jáde, bóyá íntánẹ́ẹ̀tì ń wọlé, bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń dáhùn. Bí kò bá bá yín lára mu, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ fíláàṣì, Windows yín yóò wà níbi tí ẹ fi í sí.

Ẹ̀karùn-ún: Ẹ jẹ́ kí bátìrì kún, kí ẹ sì so ẹ̀rọ mọ́ iná tí ó dúró. Bí ẹ bá dé ibi tí ẹ ti máa yan ọ̀nà, ìlà tí ó ní ọ̀rọ̀ “alongside” ni tiyín. Èyí tí ó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “Erase disk” ni ó jẹ mí níyà, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti jọ ń gbé

Ẹ lè rí ìjà kékeré kan láàárín wọn lórí aago. Linux a máa fi aago inú ẹ̀rọ sí àkókò gbogbo ayé, Windows a sì máa kà á bí àkókò ìlú tí a wà. Nítorí pé àwa ní Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣáájú àkókò gbogbo ayé, bí ẹ bá ti inú Windows wo aago lẹ́yìn tí ẹ lo Linux, ó lè fi wákàtí kan lọ sẹ́yìn. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Ẹ ní kí ọmọ yín pàṣẹ fún Linux kí ó máa ka aago bí Windows ti ń kà á, ìjà yóò sì parí.

Ohun ìdùnnú kan tún wà. Bí ẹ bá wo inú àwọn bọ́tìnnì ìkọ̀wé tí ó wà nínú Linux, ẹ óò rí ti Nàìjíríà níbẹ̀, Yorùbá sì wà lára wọn. A kò nílò láti máa kọ orúkọ ọmọ wa láìsí àmì mọ́.

Ìyá mi ní Òṣogbo, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín ṣe é, kí ẹ sì lọ fi owó tí ó wà nílẹ̀ san owó ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì bi í léèrè kí ó tó bẹ̀rẹ̀ pé: “Ìwé ìṣírò mi dà? Àwòrán bàbá rẹ dà? Ibo ni àdàkọ wọn wà?” Bí kò bá lè nawọ́ sí i kí ẹ rí i, kí ó ní sùúrù di ọjọ́ mìíràn.

Èmi náà ti ní ètò méjì lórí kọ̀ǹpútà mi báyìí, wọ́n sì ń gbé ní àlàáfíà. Ohùn màmá mi kan ṣoṣo tí ó kù wà níbi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ bí a ṣe ń fi imú mọ irú tí ó ti tó yọ. Bí a ṣe ń bò ó mọ́lẹ̀ gan-an wà nínú àwọn tí ó sọnù, mo sì ń bi àwọn ẹ̀gbọ́n wọn léèrè rẹ̀ báyìí, lẹ́nìkọ̀ọ̀kan.

Ó di oṣù tí ń bọ̀.