Ọkọ̀ Ríbi Gúnlẹ̀ sí, Èèyàn Ò Ríbi Sùn

“Ọmọ mélòó lẹ ní?” Ohun tí ejẹ́ńtì kọ́kọ́ bi àbúrò ìyàwó mi nìyẹn. Kò tíì béèrè orúkọ rẹ̀, kò tíì béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Boundary la wà, lẹ́nu ààlà Àpápá àti Ajégúnlẹ̀, lábẹ́ agboòrùn obìnrin kan tó ń ta káàdì ìpè. Àbúrò mi ní mẹ́ta ni. Ejẹ́ńtì pòṣé. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, màmá onílé ò gbà ju ọmọ méjì lọ o. Omi kànga wọn ò tó, ṣaláńgá wọn sì ti ń kún.” Síbẹ̀ náà, ó ka owó rẹ̀ fún wa: owó ọdún méjì, agírímẹ́ǹtì, kọmíṣọ̀n, owó kọ́ṣọ̀n. A sì ti san owó àtiwo ilé kó tó gbé ẹsẹ̀, owó tí kì í padà.

Yàrá méjì ni, nínú ilé face-me-I-face-you kan lẹ́yìn ọjà, ní ìhà Ajégúnlẹ̀. Omi àgbàrá ti fi àmì sára ògiri, ó ga tó orúnkún mi. Wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé bò ó, àmì náà sì tún ń yọ bí àpá ṣe ń yọ lábẹ́ àtíkè. Ejẹ́ńtì fi ọwọ́ pa ògiri náà, ó ní, “Ọ̀dà tuntun rèé o, alàgbà.”

Iṣẹ́ èbúté ni àbúrò mi yìí ń ṣe. Òun ló ń kọ nọ́ńbà kọ̀nténà sílẹ̀ àti ibi tí wọ́n gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí. Àgbárá ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ló ń gbé. Aago mẹ́rin ìdájí ló ń jáde kó lè tètè dé Mile 2, kó tó wá ọkọ̀ mìíràn wọ Àpápá. Àwọn ọmọ rẹ̀ ò tíì jí nígbà tó ń jáde, wọ́n á sì ti sùn kó tó wọlé. Àwọn àgbà ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Oko ọkùnrin yìí wà ní Èkó, ilé rẹ̀ wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn, ojú ọ̀nà ló sì ti ń sinmi.

Ibi tí mo dúró rèé. Ilé tó gba ẹbí wà ní Àpápá, ó wà ní ìwọ̀n ìrìn ẹsẹ̀ sí ibi iṣẹ́ ọkùnrin yìí. Ìjọba ló fi òfin ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó sọ ilé wọ̀nyẹn di àká ẹrù. Ìjọba kan náà ló gbọ́dọ̀ ti ilẹ̀kùn ọ̀hún pa.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, nígbà ìjọba Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá, Òfin Ilé Yíyá Ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó dára lójú ìwé. Ó ní onílé tàbí ejẹ́ńtì kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ń gba ilé tuntun. Ẹni tó ti ń gbé inú ilé tó sì ń san lóṣooṣù, wọn ò gbọdọ̀ gbà ju ti oṣù mẹ́fà lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá rú òfin náà, ₦100,000 ni owó ìtanràn rẹ̀, tàbí kó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Àmọ́ ẹ padà sí apá kìíní ìwé òfin náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé òfin yìí kò kan Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Àwọn tó ṣe òfin náà á ní olówó ló ń gbé àwọn àdúgbò mẹ́rin yìí, olówó sì lè gba ara rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ onílé. Ká gbà fún wọn ní ti Ìkòyí. Àpápá ńkọ́? Ìlú òṣìṣẹ́ ni Àpápá: akọ̀wé èbúté, awakọ̀, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ìyẹ̀fun, àwọn aṣojú oníbodè. Níbi tí òfin ò ti dín owó àsansílẹ̀ kù, onílé lè béèrè owó ọdún mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ta ló lè kó o sílẹ̀? Ilé iṣẹ́ akẹ́rù ni, tó máa fi ṣẹ́ẹ̀kì sílẹ̀ láàárọ̀ kó sì kó kọ́kọ́rọ́ lọ́sàn-án. Olówó oṣù ò lè bá a díje láéláé, bó ti wù kí owó oṣù rẹ̀ dára tó. Gbólóhùn kan péré nínú òfin ló yọ ọ́ dànù.

Kì í ṣe torí kọ̀nténà ni wọ́n ṣe la àwọn òpópónà GRA Àpápá. Ọdún 1928 ni ìjọba amúnisìn dá LEDB, àjọ tó ń tún Èkó ṣe, sílẹ̀, nígbà tí àrùn eku ń pa èèyàn ní Èkó. Nígbà tó yá, àjọ yìí ló pín ilẹ̀ Àpápá: wọ́n ya apá kan sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́, wọ́n ya apá kan sọ́tọ̀ fún ibùgbé. Òyìnbó ló kọ́kọ́ gbé ibẹ̀. Lẹ́yìn òmìnira, àwọn ọ̀gá ọmọ Nàìjíríà kó wọ Marine Road, Point Road àti Park Lane, wọ́n bímọ síbẹ̀. Nígbà tí tírélà wá gba gbogbo ọ̀nà mọ́ wọn lọ́wọ́, tó fi di pé èèyàn ń lo wákàtí mẹ́ta látorí afárá dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn kó jáde. Ẹrù ló wọlé rọ́pò wọn.

Mo wọ ọ̀kan nínú àwọn ilé náà lọ́jọ́ kan náà, torí ejẹ́ńtì wa ní “iṣẹ́ kékeré kan” níbẹ̀. Ilé alájà kan tó ní yàrá márùn-ún ni. Wọ́n ti gé igi máńgòrò tó wà lẹ́nu géètì kí ọkọ̀ ńlá lè ríbi yí. Kọ̀nténà méjì jókòó sórí ibi tó jẹ́ pápá koríko tẹ́lẹ̀, ilẹ̀ sì ti rì lábẹ́ wọn. Lókè, nínú yàrá kan tó ṣe kedere pé ọmọdé ló ni ín rí, àwòrán Mickey Mouse ṣì wà lára ògiri. Ìdì fáìlì ni wọ́n tò dé ọrùn rẹ̀. Kò sí bẹ́ẹ̀dì kan nínú gbogbo ilé náà. Mo bi ejẹ́ńtì pé ṣé onílé ò lè fún ẹbí méjì lókè àti nísàlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹbí kẹ̀? Ẹbí máa ń ba ilé jẹ́.” Mo tún wo ilẹ̀ tó rì lábẹ́ kọ̀nténà, mo dákẹ́.

Ẹ jẹ́ ká sọdá padà sí Ajégúnlẹ̀. Àwọn tó sọ ìlú náà lórúkọ ń fi ṣe àdúrà kí ajé gúnlẹ̀ síbẹ̀. Àpápá ni ajé gúnlẹ̀ sí, Ajégúnlẹ̀ sì ń gbọ́ fèrè ọkọ̀. Abẹ́ Ìjọba Ìbílẹ̀ Àjèròmí-Ìfẹ́lódùn ló wà, nítorí náà òfin 2011 kàn án láti orí dé ẹsẹ̀. Kí ló ti ṣe? Owó ọdún méjì ṣì ni ejẹ́ńtì ń pè ní gbangba, lábẹ́ agboòrùn, lójú ọ̀sán. Èmi ò mọ ẹyọ kan nínú wọn tó tíì lo ọjọ́ kan lẹ́wọ̀n torí ẹ̀.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ká ní owó ilé jẹ́ ₦600,000 lọ́dún. Ọdún méjì jẹ́ ₦1,200,000. Ká fi agírímẹ́ǹtì ₦60,000 àti kọmíṣọ̀n ₦60,000 lé e, ó di ₦1,320,000, a ò tíì ka kọ́ṣọ̀n. Òṣìṣẹ́ tó ń gba ₦85,000, owó oṣù tó kéré jù tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó kéde ní 2024, máa fi gbogbo owó oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àti ààbọ̀ sílẹ̀ láìjẹ láìmu, kó tó lè rí kọ́kọ́rọ́ gbà. Ẹni tó bá ní kí ó “fi sùúrù tọ́jú owó” ò mọ ìṣirò.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé agbára ìjọba ò ká ọ̀rọ̀ ibi ìdúró ní Àpápá. Ní 1975, àwọn ọkọ̀ tó kó sìmẹ́ńtì wá tò lọ rẹrẹ lójú òkun Èkó, wọn ò ríbi gúnlẹ̀ sí. Kí ni ìjọba ṣe? Ó kọ́ èbúté Tin Can, ó sì ti parí ní 1977. Tírélà ńkọ́? Nígbà tí wọ́n sùn sórí afárá débi pé Èkó ò lè mí, ìjọba gbé ìlànà ìpeni kan jáde ní oṣù kejì ọdún 2021, wọ́n sọ ọ́ ní Ètò. Tírélà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ dúró sí páàkì tirẹ̀ títí wọ́n á fi pè é. Ọkọ̀ ojú omi rí ibi gúnlẹ̀ sí láàrin ọdún méjì. Tírélà ní páàkì àti àkókò tirẹ̀. Ẹni tó ń já ẹrù ọkọ̀ sórí tírélà nìkan ni kò sí nínú ètò ẹnikẹ́ni.

Mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn onílé. Wọ́n ní sìmẹ́ńtì ti gbówó lórí, irin ti gbówó lórí, ayálégbé mìíràn sì ń jẹ gbèsè, kò sì ní jáde. Òótọ́ ni. Opó tó jẹ́ pé owó yàrá mẹ́rin ló fi ń jẹun, mi ò pè é lọ́tàá. Nítorí náà ni mi ò ṣe ní kí ìjọba dá iye lé ilé. Ìjọba ológun dá a nínú àṣẹ ọdún 1997, gbogbo wa la sì mọ̀ pé ọjà ò gbọ́. Ohun tí mo ń sọ ni ìgbà tí owó máa wọlé. Kí màmá náà gba iye tó ń gbà, kó máa gbà á ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Bí ẹni náà bá sì kọ̀ tí kò san, kí kóòtù dá ilé rẹ̀ padà fún un láìfi falẹ̀. Onílé nílò kóòtù kíákíá ju owó ọdún méjì lọ.

Àwọn mìíràn á ní kí òṣìṣẹ́ wá ibi tó rọjú lọ, ṣebí ọkọ̀ ojú irin ti dé. Ojú irin Blue Line bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2023, láti Marina dé Mile 2. Ó gba Suru-Alaba kọjá létí Ajégúnlẹ̀, kò wọ Àpápá. Ti Red Line tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024 ń ti Àgbádó wá sí Òyìngbò. Ẹni tó ń ti Àgbárá bọ̀ ṣì máa jáde láago mẹ́rin. Bí wọ́n bá sì ní kí ìjọba kọ́ ilé bí Gómìnà Jákàńdè ti kọ́ ọ láàrin 1979 sí 1983, kó kọ́ ọ, mo fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ilé tó ti dúró, tó ní omi àti ọ̀nà, kí ló dé tí kọ̀nténà fi ń gbé e?

Kì í ṣe àlá ni mò ń lá. Ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń san owó ilé lóṣooṣù. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2019, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò jẹ́ kí ejẹ́ńtì gba kọmíṣọ̀n lọ́wọ́ ẹni tó ń wá ilé. Onílé tó gbà á níṣẹ́ ni kó san án fún un. Nílé níbí, àbá òfin tí wọ́n gbé wá sílé aṣòfin Èkó ní 2025 fẹ́ kí kọmíṣọ̀n má ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ó dára, àmọ́ ẹni tí iná ń jó ilé rẹ̀ kì í fi ife bu omi.

Ohun tí mò ń béèrè ò pọ̀. Kí ilé aṣòfin pa gbólóhùn tó yọ Àpápá sílẹ̀ rẹ́, kí òfin kan náà ṣiṣẹ́ ní ìhà méjèèjì Boundary. Òfin ètò ìlú tí Èkó ṣe ní 2010 ti ní kí ẹnikẹ́ni gba àṣẹ kó tó yí ìlò ilé padà. Kí wọ́n wọ GRA láti géètì dé géètì, kí wọ́n béèrè ìwé àṣẹ náà, kí ẹni tí kò ní in kó ẹrù rẹ̀ láàrin ọdún kan. Kí wọ́n sì mú ejẹ́ńtì kan ṣoṣo lọ síwájú adájọ́ lórí owó ọdún méjì, ní gbangba, kí agboòrùn yòókù rí i.

Ejẹ́ńtì wa pè lálẹ́ ọjọ́ kẹta. Ó ní òun ti bá màmá onílé sọ ọ́, màmá sì ti ń rọ̀. Ìbéèrè kan ló kù: “Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò lè gbé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà lọ fún ìyá yín nílé?” Àbúrò mi gbé fóònù sílẹ̀, ó ń wo èmi àti ìyàwó mi. Àwọn baba wa ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ní Àpápá lónìí, ilé là ń wò ká tó mọ ọmọ tí a ó mú dání.