Ebi Lórí Ìtàgé

Nígbà tí NLC àti TUC da iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2024, tí iná mànàmáná sì kú káàkiri, ta ni ó kọ́kọ́ bú wa? Kì í ṣe àwọn ọ̀gá. Àwọn ìyá wa tí ẹja fẹ́ bàjẹ́ mọ́ lọ́wọ́ ni. Wọ́n ní ikùn ara wa nìkan ni à ń jà fún. Ọ̀rọ̀ náà dùn wá, ṣùgbọ́n ta ni ó ṣàlàyé fún wọn? Èdè òyìnbó ni gbogbo ìwé wa.

Èyí ni ó mú wa rántí Hubert Ògúndé, ọmọ Òsósà lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, tí kò jìnnà sí wa ní Rẹ́mọ níhìn-ín. Ó ṣe tíṣà, ó ṣe ọlọ́pàá, kí ó tó fi eré ṣe iṣẹ́. Ní 1945, àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè, tí Michael Imoudu jẹ́ aṣáájú wọn, àti òṣìṣẹ́ ìjọba mìíràn da iṣẹ́ sílẹ̀ fún ohun tí ó ju oṣù kan lọ. Ogun ti gbé owó oúnjẹ sókè, owó iṣẹ́ wọn kò sì tó jẹun mọ́. Ọdún náà gan-an ni Ògúndé gbé eré "Strike and Hunger" jáde. Ebi gan-an ni ó gbé sórí ìtàgé, tòun ti orin, tí ẹni tí kò mọ̀wé fi mọ ohun tí ìjà náà dá lé. Ó yé ìjọba náà: ní Jos ní 1946, wọ́n fòfin dè é. (Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tún ṣe bẹ́ẹ̀ fún un nítorí "Yorùbá Ronú". Ojú bàbá yìí rí nǹkan.)

Ẹlòmíràn yóò ní eré kì í ṣe iṣẹ́ yúníọ̀nù. A kò gbà. Bí a bá ka 70,000 náírà, owó oṣù tí ó kéré jù tí òfin 2024 fọwọ́ sí, sí aráyé létí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, nọ́ńbà lásán ni. Ẹ jẹ́ kí ìyàwó awakọ̀ kan mú un lọ sí ọjà Sábó lójú wọn, kí ó san owó ilé ìwé, kí a wo ohun tí yóò kù.

A ti gbé e síwájú ìgbìmọ̀ pé kí a ṣe irú eré kúkúrú bẹ́ẹ̀ ní gáréèjì àti lọ́jà kí ìwé ìkìlọ̀ mìíràn tó jáde. Ẹni tí ó mọ ìlù, ẹni tí ó lè pa èèyàn lẹ́rìn-ín, kí ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ẹ mú àwọn ìyàwó yín dání; àwọn ni wọ́n mọ iye tí kóńgò gàrí kan jẹ́.