Ọ̀dà Kì í Sọ Ìtàn Ọkọ̀

Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Òwe yìí ni mo fi ṣe àmọ̀ràn fún ẹni tó ti dá àjọ, tó sì ti fi owó pamọ́ sínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tó wá ń múra láti ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àlòkù lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó.

Ọ̀dà tó ń dán kì í sọ ìtàn ọkọ̀. Bí ọkọ̀ náà bá jẹ́ ti olè, ẹni tó jí i kò ní ẹ̀tọ́ kankan tí ó lè tà fún yín. Ẹni tó ni ín lè gbà á padà, kí owó yín sì ṣòfò. Àwọn ọlọ́pàá sì lè ké sí yín láti wá ṣàlàyé bí ó ṣe dé ọwọ́ yín.

Nítorí náà, kí ẹ tó dá owó lé e, ẹ wo nọ́ńbà ṣáṣíì. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti 1981, àmì 17 ni, lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀; kò sí lẹ́tà I, O tàbí Q nínú rẹ̀. Ẹ óò rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú, níhà ọ̀dọ̀ awakọ̀, àti lára férémù ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé ọkọ̀ àti ìwé aṣọ́bodè mu láìku ẹyọ kan. Bí wọ́n bá ti ha á, tàbí tí wọ́n jó irin mọ́ ọn, ẹ dágbére, kí ẹ máa lọ sílé.

Ẹ tún wo orúkọ. Bí kì í bá ṣe orúkọ ẹni tó ń tà á ni ó wà nínú ìwé, ẹ béèrè rìsíìtì láti ọwọ́ ẹni àkọ́kọ́ títí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ mú ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ní ìtàn òkè òkun pẹ̀lú. Nígbà tí ìjì Katrina jà ní Amẹ́ríkà ní 2005, àti ìjì Harvey ní 2017, omi bo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeé nù mọ́, ṣùgbọ́n omi a máa jẹ wáyà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi àmì 17 náà wá àkọsílẹ̀ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó lè fi ìjàǹbá, ìkún-omi àti iye máìlì hàn. Ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ náà kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wa. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde tán, kí ẹ wò bóyá ẹrẹ̀ wà ní ìdí rẹ̀. Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì, kí ẹ gbóòórùn abẹ́ rẹ̀. Bí aago máìlì bá ní ọkọ̀ kò tíì rìn jìnnà, tí rọ́bà ẹsẹ̀ bíréèkì sì ti jẹ tán, rọ́bà ni kí ẹ gbà gbọ́.

Mẹkáníìkì tiyín ni kí ẹ mú lọ, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Ẹ san owó nípasẹ̀ báǹkì sí orúkọ ẹni tí ẹ ti yẹ ìwé rẹ̀ wò, kí ẹ gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà ṣáṣíì, kí ẹ sì yí ìwé ọkọ̀ sí orúkọ yín láìjáfara.

Bí ó bá ń kán yín lójú pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá san, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn náà rà á. Ọkọ̀ mìíràn ń bẹ. Owó àjọ ọdún mẹ́ta kò rọrùn láti kó jọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó di oṣù tí ń bọ̀. Ire o.